Àwọn Oyè Tó Dojú Kọ Ògiri Nínú Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà

Ọ̀rọ̀ kékeré ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá àgbà wa kú. Ìmáàmù àdúgbò wá sílé wa ní Agége kí wọ́n tó kírun sí wọn lára, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa pe òkú nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Alhaji ni ká pè wọ́n ni, àbí Bàbá Àdínì?" Bàbá Àgbà lọ sí Mẹ́kà lóòótọ́, mọ́ṣáláṣí sì ti fi oyè Bàbá Àdínì lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ ẹni tó bá fi oyè pè wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n máa ń bá lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ni mo wá là á mọ́lẹ̀ pé, "Orúkọ wọn, Lásísì, ni kí ẹ pè, ẹ jọ̀ọ́." Àǹtí Sìkírá, àbúrò bàbá mi, wò mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Lásísì náà ni wọ́n pè, àwọn ará àdúgbò sì ń kùn pé a ò fi àgbà sí ipò àgbà. Kò dùn mí rárá.

Ìyá àgbà mi, kí Ọlọ́run tó pè wọ́n, ò jẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Mẹ́kà ni. Bí Bàbá Àgbà bá gbàgbé, tí wọ́n pè wọ́n ní Ráfátù níwájú àlejò, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn kì í níyọ̀. "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín! Alhaja ni mí!" Bàbá Àgbà á ní, "Ẹ má bínú, Alhaja." Ìyá àgbà nìkan ni mo mọ̀ tí Bàbá Àgbà ń fi oyè pè láìjanpata. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá gbé wá bá èèyàn nílé ni kí èèyàn bẹ̀rù."

Mi ò ní pìtàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ kíkọ orúkọ sára pátákó, àti pé títí wọ́n fi di arúgbó, orúkọ àti oyè àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń jẹun. Bàbá Onípátákó ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà nínú yáàdì kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà láàárín Ògbà àti Agége, níbi tí òórùn bisikíìtì ti máa ń gba afẹ́fẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, òórùn rọ́bà jíjó á gbapò rẹ̀. Ajórin, télọ̀, káfíńtà, mẹkáníìkì, gbogbo wọn ló ní ṣọ́ọ̀bù nínú yáàdì yẹn.

Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láyé àwọn ológun, kò sí ọ́fíìsì tí kò gbé àwòrán olórí ìjọba kọ́ sára ògiri, irin pèlébé kan á sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ẹni tó jẹ́ àti oyè tó ń jẹ́. Dípò irin kan, méjì ni Bàbá Àgbà máa ń lò: èyí tó gùn fún oyè, èyí tó kúrú fún orúkọ, wọ́n á wá fi súkúrù de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tirẹ̀. Bí àwọn ológun bá tún gbàjọba, orúkọ nìkan ni wọ́n á yọ. "Orúkọ kì í pẹ́ níbẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Oyè ló máa ń jókòó."

Ìyá àgbà sọ fún mi pé bí rédíò bá ti ń kọ orin ológun ní kùtùkùtù láìsí ìròyìn, Bàbá Àgbà kì í béèrè ẹni tó kú tàbí ẹni tó sá. Wọ́n á wẹ ọwọ́, wọ́n á to súkúrù sórí tábìlì, wọ́n á jókòó dè. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọ́fíìsì Ìkẹjà á ti máa rán èèyàn wá. Nígbà mìíràn, ẹni tuntun kì í fẹ́ oyè ẹni tó lé lọ. Èyí á ní Olórí Ìjọba ni kí wọ́n máa pe òun, òmíràn á ní rárá, Ààrẹ lòun, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ò dìbò fún un. Nígbà náà ni irin oyè á padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó máa wá a wá mọ́.

Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kó àwọn oyè yìí sí, wọ́n sì dojú gbogbo wọn kọ ògiri. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì kórìíra ibẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mò ń sọ o. Bí oòrùn bá mú páànù òrùlé gbóná, àwọn irin yẹn á máa dún lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, láti igun kan dé ìkejì, bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Bàbá Àgbà ní ooru ló ń fa irin. Àmọ́ wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á gbé orí sókè títí ó fi máa dákẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: bí mo bá yí ọ̀kan padà láti nù ún, mi ò gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà lára rẹ̀ síta. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n fi oríkì mi pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, oyè tó bá ti pàdánù orí tó wà, orí mìíràn ló ń wá. Má bá a wá a."

Ọ̀kan yàtọ̀ nínú wọn. Ilé ìpàdé kan ló ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ tàwọn, ÀÀRẸ, ní lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Gbogbo àwọn yòókù ti dúdú, eruku ti bò wọ́n, àmọ́ èyí ń dán. Èmi kọ́ ni mò ń nù ún. Bàbá Àgbà náà ní kì í ṣe àwọn.

Olùkọ́ kan tó gbé ilé wọn rí fi ìwé ìtàn kan tí kò ní èèpo mọ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n kà á títí ewé rẹ̀ fi rí bí àkísà. Ogun inú rẹ̀ kọ́ ló wù wọ́n, ibi tí oyè kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá ni. Wọ́n ní ní Róòmù àtijọ́, bí wàhálà bá wọ̀lú, wọ́n á kó gbogbo àṣẹ lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó pẹ́ tán, kó tún ìlú ṣe, kó sì padà sílé. Diktétọ̀ ni oyè náà, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀ nígbà náà. Àfi ìgbà tí ẹnì kan jẹ ẹ́ tó ní títí ayé ni tòun. Ìpàdé ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un pa. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù wà níwájú: Késárì ni orúkọ ìdílé ọkùnrin tí wọ́n gún pa yìí, àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì gbé orúkọ òkú náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Jámánì ṣì ń pe ọba wọn ní Káísà, àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe tiwọn ní Sáà, òkú kan náà yẹn ni gbogbo wọn ń pè. Bàbá Àgbà á pa ìwé dé. "Ṣé o rí i? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n gún. Kò tíì kú tán."

Wọ́n tún sọ fún mi nípa orílẹ̀-èdè kan tí ọ̀rọ̀ tó kàn túmọ̀ sí aṣáájú ti di ohun tó ń wúwo lẹ́nu àwọn èèyàn, torí pé ẹnì kan gbé e wọ̀ nígbà ogun, ó sì fi pa èèyàn lọ bí rẹ́rẹ. Nílẹ̀ adúláwọ̀ tiwa, "Bàbá" ni wọ́n fẹ́ràn jù, Bàbá orílẹ̀-èdè, Bàbá gbogbo wa. Bàbá Àgbà ní èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. "Ọmọ kì í dìbò yan bàbá, kì í sì í dìbò yọ ọ́."

Ní ti Ààrẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Oyè ogun ni láyé àtijọ́, oyè olórí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ bá ọba gbé ìlú kan náà. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ tí mo ń fà sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ààrẹ ń pè ọ́, ò ń dífá, bí Ifá bá fọre, tí Ààrẹ bá fọbi ńkọ́?" Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Sùnmọ́nù, mi ò gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu wọn mọ́.

Ajórin ni Sùnmọ́nù. Àgbà ló jẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí, mi ò lè fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni níbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdílé onílẹ̀ ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí yáàdì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi í ṣe alága fìdíhẹ. Oṣù mẹ́fà ni, kó máa bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìbò. Ó wá bá Bàbá Àgbà pé kí wọ́n bá òun ṣe pátákó kékeré kan. "Alága" nìkan ló ní kí wọ́n kọ. Irin tuntun ti tán lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà kì í fi nǹkan ṣòfò, wọ́n sì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n mú ÀÀRẸ tó ń dán, wọ́n dè é sókè orúkọ Sùnmọ́nù, wọ́n ní kó ṣì máa lo èyí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo yáàdì bú sẹ́rìn-ín. Sùnmọ́nù náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá Àgbà wá gbé "Alága" lọ fún un lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, èyí tó wà níbẹ̀ ti bá òun lára mu.

Oṣù mẹ́fà di ọdún kan, ọdún kan di méje. Kò sí ìbò. Ààrẹ di Ààrẹ Títí Ayé, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi Bàbá Gbogbo Wa kún un. Ẹni tó bá wọ yáàdì tí kò kí i pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, àgádágodo á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kì í bínú. Ohùn rẹ̀ ló yí padà. Ó di ohùn kan tí mo ti ń gbọ́ nínú rédíò láti kékeré, tó máa ń lọ́ra, tó máa ń ní "ẹ̀yin ará ìlú mi", bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́ta péré ló dúró níwájú rẹ̀.

Bàbá Múfú télọ̀ ni ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń rán fún àwọn ilé iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀: "Sùnmọ́nù, ṣé o jíire?" Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sùnmọ́nù ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn jù sínú òjò. Bàbá Múfú padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò pé ọdún kan tí wọ́n fi kú. Nígbà tí ìròyìn náà dé, Bàbá Àgbà jókòó sínú yàrá ẹ̀yìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọn ò jẹ ẹ́. "Ọwọ́ mi ló dè é," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Ọwọ́ ara mi báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí fèrè ilé iṣẹ́ dún fún oúnjẹ ọ̀sán tí yáàdì kún fọ́fọ́, Bàbá Àgbà gbé àkàbà. Mo tẹ̀ lé wọn. Sùnmọ́nù jókòó lábẹ́ pátákó náà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró tì í. Bàbá Àgbà ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti dípẹtà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wo ẹnu Sùnmọ́nù kó pàṣẹ. Nígbà tí súkúrù kẹrin bọ́, èjìká rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Àgbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti irin náà bọ abẹ́ apá, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Sùnmọ́nù." Kò dáhùn. "Sùnmọ́nù, jọ̀ọ́." Ó gbójú sókè wò wọ́n, ó wá ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ bá wọn wá ẹni tí wọ́n ń pè. Ìyàwó rẹ̀ ló wá mú un lọ sílé. Ó lo ọdún mẹ́ta sí i láyé, a sì gbọ́ pé títí ó fi kú, kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀.

Yáàdì sọ Bàbá Àgbà di akọni. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n jẹ alága. Inú bí wọn débi pé wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. "Èmi tí mo dá iná, tí mo wá pa á lẹ́yìn tó ti jó èèyàn," ni wọ́n sọ fún mi, "ṣé ọpẹ́ ló tọ́ sí mi?"

Nígbà tí àìsàn wá dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí. "Àbẹ̀kẹ́, àwọn irin ẹ̀yìn yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kó wọn lọ fún àwọn tó ń rọ ìkòkò kí wọ́n yọ́ wọn. Má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì." Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi ṣe é fúnra wọn láti ọjọ́ yìí. Omi dé ojú wọn. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo gbìyànjú ẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà fún mi." Mo ṣèlérí. Mi ò mú un ṣẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí yàrá náà, mo yí èyí tó ń dán padà, mo rí bí wọ́n ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà Ẹ wálẹ̀, mo sì sunkún débi pé mo tún ti ilẹ̀kùn pa. Mo ní tó bá di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo ní tó bá di ogójì ọjọ́. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní dá a lé ẹlòmíràn lórí.

Kí ogójì ọjọ́ náà tó pé, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn fẹ́ ta yáàdì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pàdé, wọ́n sì fi Bọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ṣe alága fìdíhẹ. Mẹkáníìkì ni. Òun ló gbé Bàbá Àgbà sẹ́yìn lọ sí ọsibítù, òun ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Mi ò fẹ́ràn ẹnì kankan láyé tó o. Ó wá bá mi nílé.

"Múínà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà lọ́wọ́ ẹ, àbí? Wọ́n ní kí n gbé sáìnbọ́ọ̀dù síta."

"Ẹ jẹ́ n lọ ṣe tuntun fún yín."

"Tuntun kẹ̀? Èyí tó ń dán yẹn ńkọ́? Ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́. Ká máa fi rántí wọn, jàre."

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣe Sùnmọ́nù."

"Àìsàn ọpọlọ ló ṣe Sùnmọ́nù! Ìwọ tó o kàwé náà tún ń sọ báyìí?" Ó fọwọ́ pa mí lórí bó ṣe máa ń ṣe. "Oṣù mẹ́fà péré ni mo máa lò, Múínà. Fọkàn balẹ̀."

Mi ò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo irin náà sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ àwọn arọ̀kòkò. Bàbá arúgbó kan ló wà nídìí iná. Wọ́n mú irin àkọ́kọ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má kà á."

"Ọmọ mi, a ti fi àìmọ̀ yọ́ irin tí orúkọ Ọlọ́run wà lára ẹ̀ rí níbí. Látọjọ́ náà, ohun tí mi ò bá kà kì í wọná."

Wọ́n ń kà á lédè Òyìnbó, wọ́n ń sọ ọ́ sínú iná. Olórí Ìjọba. Ọ̀gágun Àgbà. Olùdarí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á tẹ̀, á rọ̀, á di omi funfun, ọkàn mi sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan. Wọ́n fi ẹ̀mú gbé e sókè, ó ń kọ mànà lójú wa.

"Ààrẹ," ni wọ́n kà.

"Ẹ̀n, mò ń bọ̀," ni ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi.

Mo yíjú. Bọ̀dá Ràṣídì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tọ ipa mi wá. Arọ̀kòkò bi í pé, "Ta ló pè yín, sà?" Kò dá wọn lóhùn. Mo sáré já irin náà gbà pẹ̀lú ẹ̀mú, mo sọ ọ́ sínú iná fúnra mi, ó sì yọ́ bíi tàwọn yòókù. Mo pè é: "Bọ̀dá mi." Iná ló ń wò. Mo tún pè é: "Bọ̀dá Ràṣídì." Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo pè é ní Ràṣídì, lórúkọ lásán. Nílé wa, bí àbúrò bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbátí ló ń gbà. Mo na ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sí i, mo ń pè é, mo ń bẹ Ọlọ́run kó gbá mi. Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.